Ẹyẹ Orí Irin, Àwòrán Ojú Páálí: Olóògùn nínú Ọnà àti Ìwé Títẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Kí ìwé tó dé, irin ni pátákó olóògùn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pá Ọ̀sanyìn ni wọ́n ń pè é. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ṣóńṣó kí ó lè wọlẹ̀ ṣinṣin, ẹyẹ ńlá kan bà sórí rẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké sì yí i ká lórí ẹ̀ka irin tín-ín-rín. Lára ọ̀pá tó bá pé, àwọn ẹyẹ kéékèèké náà a máa jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá rí i nílé onílé kò ní láti béèrè iṣẹ́ baálé ibẹ̀ mọ́: oníṣègùn ni. Àwọn ẹyẹ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Agbára àwọn ìyá òru ni wọ́n dúró fún, èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ sì ń sọ fún aláìsàn pé apá oníṣègùn ká wọn. Ọ̀pá mìíràn wà tó jọ ọ́, ìyẹn ọ̀sùn babaláwo, tí wọn kì í jẹ́ kó dùbúlẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ nílẹ̀ òkèèrè ti fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì.

Ọ̀sanyìn fúnra rẹ̀ ni òrìṣà tó ni ewé. Ìtàn Ifá kan sọ pé Ọ̀rúnmìlà rà á lẹ́rú, ó sì rán an lọ ro oko. Ọ̀sanyìn dé oko, kò ro nǹkan kan. Gbogbo ewé tó bá fẹ́ gé ló ń rí iṣẹ́ lára rẹ̀: èyí fún ibà, èyí fún inú rírun, èyí fún ẹ̀yìn dídùn. Ọ̀rúnmìlà bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kó máa ka orúkọ ewé fún òun. Ifá kan náà ló ka Alárá àti Ajerò mọ́ àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn ọba tí ìlú wọn, Arámọkọ àti Ìjerò, wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì títí dòní. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ìkẹta wọn, láàárín òkè, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà bọ̀ wá sí Adó. Tí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ oògùn ṣe rí lójú àwọn ará ibí yìí kí kẹ́míìsì tó dé, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ni ẹ̀rí wà.

Iṣẹ́ oògùn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Babaláwo ń difá kó lè mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Oníṣègùn tàbí adáhunṣe ló ń po oògùn. Àwọn tó ń ta èlò rẹ̀ wà lọ́jà, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn: ẹlẹ́wé ọmọ ń ta ewé tútù tí wọ́n fi ń se àgbo ọmọdé, lékúlẹ́jà ń ta gbígbẹ, èèpo igi àti egbò, aídan, eèrù, atare, orógbó, kán-ún, alágẹmọ tó ti gbẹ, àti orí ẹranko lóríṣiríṣi. Ìsọ̀ wọn kò ní àkọlé, kò sì nílò rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹrù sílẹ̀ ni oníbàárà ṣe ń fi ojú kà á. Ohun tí wọ́n fi ń di oògùn náà ń sọ irú oògùn tó jẹ́: àdó kékeré fún àgúnmu, ìkòkò fún àgbo, awọ rírán fún òǹdè, ewé fún ọṣẹ dúdú. Àmọ́ àdó kan kò yàtọ̀ sí èkejì lójú ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á, àti ilé tí onítọ̀hún ti wá, ni ẹ̀rí tí aláìsàn ní.

Ní àríwá Èkìtì, títí wọ Òpin àti Ìgbómìnà, olóògùn ní ère tirẹ̀ nínú ọdún Ẹpa. Ìsàlẹ̀ agọ̀ Ẹpa dà bí ìkòkò tí wọ́n dà bo orí, ojú ńlá àti ẹnu gbàgàdà sì wà lára rẹ̀. Orí ìkòkò yìí ni agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ odindi àwùjọ ènìyàn. Igi kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó máa ń wúwo gan-an, ọ̀dọ́kùnrin tó bá gbé e rù sì ní láti fi í fo sórí òkìtì láìṣubú. Jagunjagun wà nínú àwọn agọ̀ náà lórí ẹṣin, ìyá tó gbé ọmọ wà, Ọlọ́sanyìn, ìyẹn oníṣègùn pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, sì wà. Ipò tí wọ́n fi í sí yẹ ní kíkíyèsí. Àwọn tó tẹ ìlú dó, tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun, tó sì bí ọmọ kún un ni wọ́n ń fi Ẹpa rántí, olóògùn sì jókòó láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Lára àwọn tí iṣẹ́ Ẹpa wọn gbajúmọ̀ jù lọ ni Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, ará àgbègbè Odò-Ọwá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú igi àti ìlẹ̀kẹ̀. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ọmọ ilé Adéṣínà, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè láàárín nǹkan bí 1912 sí 1916. Ilé Adéṣínà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọba ń ránṣẹ́ sí fún adé. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wọn ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ oògùn jù lọ, nítorí adé Yorùbá, yàtọ̀ sí pé ó lẹ́wà, jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń di oògùn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe egungun adé, wọ́n á sì fi aṣọ bò ó. Wọ́n á gún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí okùn, wọ́n á sì máa rán an mọ́ aṣọ náà lẹ́sẹẹsẹ, pupa, funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Wọ́n á ya ojú ènìyàn sára rẹ̀, wọ́n á to ẹyẹ yí i ká, ọ̀kan á sì dúró ní ṣóńṣó orí. Nígbà tí oníṣẹ́ ọnà bá parí tirẹ̀, oníṣègùn á wá fi ìdì ewé àti èlò mìíràn pamọ́ sínú òkè adé. Ìdí nìyí tí ọba kì í fi í wo inú adé ara rẹ̀. Ẹyẹ orí adé àti ẹyẹ orí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀kan lórí ọba, ọ̀kan nílé oníṣègùn. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ a máa ṣe àpò fún babaláwo pẹ̀lú, èyí tó ń gbé kọ́ èjìká, tí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á fi mọ irú ẹni tó jẹ́ kó tó la ẹnu.

Nílẹ̀ Yúróòpù, ọ̀nà tí olóògùn gbà wọ inú ọnà yàtọ̀. Ìkòkò amọ̀ dídán tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí lára ni wọ́n ń tò sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ayàwòrán sì ń ya ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀; Pietro Longhi ya olóògùn kan ní Venice ní nǹkan bí 1752, níbi tó ti ń yẹ ẹnu obìnrin kan wò. Lẹ́yìn náà ni ìwé títẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán: káàdì ìpolówó, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò, kàlẹ́ńdà, pósítà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n lè kà á kí wọ́n sì jù ú nù ni, ṣùgbọ́n àwọn kan kò jù ú nù. William Helfand, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú rẹ̀ jọ, ìwé tó kọ nípa wọn kò sì mọ ní ọ̀kan.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Henry Townsend, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Nígbà tí ìwé ìròyìn fi di púpọ̀ ní Èkó, ìpolówó oògùn oníhóró àti ìpara ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn ọkọ̀ ojú omi nínú wọn. Ní 1887, Richard Zaccheus Bailey ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Balógun ní Èkó, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí kẹ́míìsì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Odùmósù kó oògùn ìbílẹ̀ jọ sínú Ìwé Ìwòsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ohun tó ti wà lórí ahọ́n oníṣègùn fi di ohun tí ẹni tó bá mọ ìwé kà lè rà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà láàárín ìgbà kan náà ni oògùn òyìnbó tó sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n jù lọ.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé títẹ̀ tó dé agbègbè yìí nígbà náà, èyí tó mì í tìtì jù lọ kò polówó oògùn kankan. Oògùn ló ń kọ̀. Ìjọ kan ní Philadelphia, Faith Tabernacle, ń fi ìwé pélébé àti ìwé àtìgbàdégbà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn Kristẹni Èkó àti Ìjẹ̀bú láti nǹkan bí 1920, láìrán míṣọ́nnárì kankan wá. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ṣe tààrà: àdúrà nìkan ni ìwòsàn, onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àgbo, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan kuníìnì. David Ọdúbánjọ wà lára àwọn tó tan ìwé wọ̀nyí ká. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní July 1930, ẹ̀kọ́ yìí ló bá a rìn. Odò-Ọwá kan náà tí Bámigbóyè ti ń gbẹ́ Ẹpa ni, ó sì ṣòro kí ènìyàn má kíyè sí i pé agbègbè kékeré kan ló mú ẹni tó ń gbẹ́ agọ̀ olóògùn àti ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n kó oògùn dànù jáde ní ìgbà kan náà.

Láti Iléṣà, ìsọjí gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n. Aláayè gbà á, ìlú sì tẹ̀ lé ọba. Níbikíbi tí ìsọjí náà bá dé, wọ́n ń kó òǹdè, àdó, ìgbàdí àti ère òrìṣà jáde fún sísun. Agogo ọwọ́ àti omi tí wọ́n gbàdúrà sí ló gba ipò wọn. Ìgò omi lásán, tí kò ní ewé, tí kò ní bébà lára, di oògùn tí ènìyàn ń rin ìrìn-àjò wá gbà. Ẹ̀fọ̀n di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ńlá ìjọ Kristi Àpọ́sítélì tó ti inú ìsọjí náà jáde, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin Babalọlá sí nígbà tó kú ní 1959. Ọ̀rọ̀ oògùn náà ló tún fa ìyapa láàárín àwọn ọmọ ìsọjí kó tó pẹ́: àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aṣáájú wọn pè wá ń lo kuníìnì nítorí ibà, èyí kò sì dùn mọ́ àwọn tí ìwé Philadelphia ti kọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 fi bẹ̀rẹ̀, oníkálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀pá Ọ̀sanyìn àti ère àtijọ́ ní Ẹ̀fọ̀n gbọ́dọ̀ fi iná ìsọjí yìí kún ìṣirò rẹ̀, kó má kàn dẹ́bi fún ikán àti àwọn oníṣòwò nǹkan àtijọ́ nìkan.

Oògùn tó fi bébà jagun, tó sì borí, ti wà lójú ọ̀nà kí ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀. Jacob Ṣógbóyèga Odùlátẹ̀, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ilé, ló ṣe Alábùkún ní 1918. Ìyẹ̀fun ni, ásípírínì àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀, fún orí fífọ́ àti ara ríro. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kò sí nínú ìyẹ̀fun náà, nítorí òyìnbó pẹ̀lú ní irú rẹ̀. Ara bébà tó fi dì í ló wà. Orúkọ Yorùbá ló fún un, orúkọ tí Kristẹni àti Mùsùlùmí lè pè láìkọsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di “Blessed Jacob”, àwòrán ojú rẹ̀ sì wà lára páálí títí di òní. Èyí yanjú ìṣòro àdó tí ènìyàn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Aláìsàn Ìjerò tí kò dé Abẹ́òkúta rí lè wo ojú ẹni tó po oògùn tó fẹ́ lò, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó bá jókòó síwájú adáhunṣe ìlú rẹ̀.

Odùlátẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1950, ó ń tẹ Alúmánáàkì Alábùkún jáde lọ́dọọdún, ó sì ń tàn kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọgbọ́n tó wà nídìí alúmánáàkì rọrùn: ènìyàn á ju bébà oògùn nù lọ́jọ́ tí ìyẹ̀fun bá tán, àmọ́ kò ní ya kàlẹ́ńdà lára ògiri títí ọdún á fi yí. Nínú ilé tí kò sí ìwé mìíràn àfi Bíbélì tàbí Kùránì, ìpolówó oògùn ni ìkẹta. Odùlátẹ̀ kú ní 1962, Alábùkún kò kú. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà, ní Benin àti níbòmíràn. Ọmọ rẹ̀, Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di Àgbà Amòfin Nàìjíríà, ní 1981.

Ìwé ìlera tó ti agbègbè yìí jáde lọ bá gbogbo ayé kì í ṣe ti olówò. Ìmẹ̀sí-Ilé, lẹ́bàá Òkèmẹ̀sí tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí olú rẹ̀ wà ní Arámọkọ, ni wọ́n ti ṣe é. David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní 1956, ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ń pa ọmọ, ebi náà sì ti máa ń jẹ ọmọ lára tipẹ́ kí ìyá tó rí i. Káàdì ló fi dojú kọ ọ́. Wọ́n fi àwọn oṣù inú ọdún márùn-ún ṣe àpótí kéékèèké sí ìsàlẹ̀, oṣù tí wọ́n bí ọmọ sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ara wà ní ẹ̀gbẹ́. Ìlà méjì tó ń gòkè bí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì tó-tò-tó kan sí i, wọ́n á sì fà á mọ́ ti oṣù tó kọjá. Ìyá tí kò mọ ìwé lè rí i bóyá àmì ọmọ òun ń gun òkè, ó dúró lójú kan, tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ohun tó lágbára jù nínú ètò Morley ni ẹni tó ni káàdì náà. Ilé ìwòsàn kò gbà á lọ́wọ́ ìyá. Inú ọ̀rá ni wọ́n fi sí, ìyá á mú un relé, á sì mú un padà wá. Àwọn kan rò pé yóò sọnù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá mú un ṣinṣin ju àpótí ìwé ilé ìwòsàn lọ. Morley kúrò ní Nàìjíríà ní 1961. Ní ìgbà yẹn náà ni wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò lára àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, tí Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, fi ti Amẹ́ríkà wá. Irú káàdì náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbà á lò. Bí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ ọnà tó ti ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dé òkèèrè, òpó àti adé ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ó yẹ kí káàdì yìí wà lára wọn.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lójú títì Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n lónìí, kẹ́míìsì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apòògùn tó gboyè kò sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ìwé àṣẹ tí wọ́n gbà jẹ́ ti oògùn tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà, inú páálí tí ilé-iṣẹ́ fi dì í ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tà á. Páálí ló ń ṣe iṣẹ́ apòògùn níbẹ̀. Lára pátákó wọn, àgbélébùú aláwọ̀ ewé ló wọ́pọ̀, tàbí odó àti ọmọ odó tí ejò lọ́ mọ́. Yúróòpù ni àmì odó yìí ti wá, àmọ́ ní Èkìtì, odó kò jọ ohun àjèjì lójú ẹnikẹ́ni, àfi pé iyán ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn.

Oògùn ayédèrú ló mú kí páálí tún yí padà. Òfin tó dá NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ jáde ní 1993, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 1994. Lábẹ́ Dora Akúnyìlí, tó darí rẹ̀ láti 2001 sí 2008, wíwá nọ́ńbà NAFDAC lára ọjà di àṣà olùrajà. Ní 2010, wọ́n fi kóòdù kún un lára àwọn oògùn kan: olùrajà á fi èékánná ha á, á fi nọ́ńbà tó bá rí ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì á sì sọ bóyá ojúlówó ni. Àwòrán ẹni tó ṣe oògùn kò tó ẹ̀rí mọ́, nítorí ayédèrú lè tẹ àwòrán náà pẹ̀lú.

Àgbo pẹ̀lú ti wọ inú ìgò oníbébà. Yem-Kem àti Ọkọ Olóyún wà lára àwọn tó gbé oògùn ìbílẹ̀ sórí rédíò àti pósítà, àwọn kéékèèké sì tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ àti nínú ọkọ̀ èrò. Ara bébà wọn jẹ́ àkópọ̀ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú: àwòrán ewé bíi ti ẹlẹ́wé ọmọ, fọ́tò ẹni tó ṣe é bíi ti Odùlátẹ̀, ẹsẹ Bíbélì lára òmíràn, àti nọ́ńbà ìjọba. NAFDAC ń béèrè pé kí oògùn ìbílẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀ gbé gbólóhùn kan pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò sàn wò. Gbólóhùn náà wà lára ọ̀pọ̀ ìgò, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tó sábà máa ń kéré ju gbogbo lẹ́tà yòókù lọ.